Ẹni Tí A Lé Kúrò ní Ìlú Rẹ̀

Oríṣìíríṣìí ni ìyà tí ọmọ aráyé ń fi jẹ ẹni tó bá rú òfin. A ń na ẹlòmíràn ní pàṣán, a ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ń ti ẹlòmíràn mọ́ ẹ̀wọ̀n, a sì ń gba ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìyà kan wà tí kì í dá ọgbẹ́ sí ẹni lára, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, tí kì í sì í pa ènìyàn, síbẹ̀ tí àwọn baba wa bẹ̀rù rẹ̀ ju pàṣán àti owó ìtanràn lọ. Ìyà náà ni pé kí a lé ènìyàn kúrò ní ìlú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìtàn Abẹ́òkúta, ìlú wa, àti ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ni ọ̀ràn yìí ti ń gbé mi lọ́kàn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyà náà ti le tó, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ilé jẹ́ fún ọmọ Yorùbá. Ilé kì í ṣe ògiri àti páànù nìkan. Ibẹ̀ ni a bo ìwọ́ ẹni mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni a sin baba ẹni sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ oríkì ẹni. Bí ọmọ Ẹ̀gbá bá kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ àgbà ní òwúrọ̀, ìyá náà a kì í láti orí baba ńlá rẹ̀ dé orí òun fúnra rẹ̀, orí ọmọ náà a sì wú. Ní ilẹ̀ àjèjì, ta ni yóò kì í? Ta ni ó mọ ilé tí ó ti jáde wá? Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin àjò mọ̀ pé ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn òun. Ẹni tí a lé lọ kò ní ìtùnú yẹn.

Àwọn baba wa náà a máa lé ènìyàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún títí tí kò gbọ́, ìlú a ní kí ó máa lọ. Ọba tí ìlú bá kọ̀, a máa fi ààfin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ìlú mìíràn kò jìnnà, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹni tí a lé sì lè lọ bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Bí ọdún bá gorí ọdún, tí ìbínú bá rọ̀, àwọn àgbà a bẹ̀rẹ̀ sí í rán oníṣẹ́ sí ara wọn, wọn a sì bẹ̀bẹ̀ kí ó padà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde nínú agboolé wa nítorí olè. Ìgbà kẹta tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ilé ṣe ìpàdé, wọ́n dá ẹjọ́ náà, wọ́n sì gbé àpò aṣọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Inú gbogbo wa dùn pé ilé yóò rójú. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan tó jókòó lẹ́bàá ògiri, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wá bi àwọn ọkùnrin náà léèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti lé e kúrò lọ́dọ̀ wa, ta ni ẹ wá lé e sí?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìbéèrè arúgbó yìí wo gbogbo ìtàn ìlélọ tí mo bá kà, nítorí pé kò sí ẹni tí a lé lọ tí kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan.

Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí mo mọ ìtàn wọn, bóyá ni a lè rí èyí tó sọ ìyà yìí di iṣẹ́ ìjọba tó àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1718 ni wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n máa kó àwọn arúfin lọ sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àkóso ní Amẹ́ríkà. Kí ẹ má rò pé apànìyàn ni gbogbo wọn. Ẹlòmíràn jí aṣọ, ẹlòmíràn jí àgùntàn, ẹlòmíràn jí ohun tí yóò jẹ. Ọdún méje ni wọ́n ń dá fún àwọn kan, ọdún mẹ́rìnlá fún àwọn mìíràn, títí ọjọ́ ikú sì ni fún àwọn tó kù. Bí ẹni náà bá sì padà sílé kí ọdún rẹ̀ tó pé, wọ́n lè torí rẹ̀ pa á. Tó nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní ọdún 1776. Nígbà tí ọ̀nà Amẹ́ríkà dí, ẹ̀wọ̀n kún ní ìlú òyìnbó. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n sínú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi tí kò lè rin àjò mọ́, wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ sínú odò Thames, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wá. Ilẹ̀ wa yìí, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ yíjú sí. Ní ọdún 1782, wọ́n fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ṣe ọmọ ogun, wọ́n sì kó wọn lọ sí àwọn odi òyìnbó ní etíkun Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, láti bá àwọn Dọ́ọ̀ṣì jà. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sá lọ. Ní ọdún 1785, wọ́n tún gbèrò láti da àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí erékùṣù kan nínú odò Gambia, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá ti mọ. Àwọn aṣòfin wọn ni kò gbà á, nítorí wọ́n mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń rán wọn lọ bá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jùlọ ni pé ní àkókò kan náà gan-an, láti inú àwọn odi Gold Coast wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn dúdú tí kò jalè, tí kò pànìyàn, gba orí òkun lọ sí oko ẹrú. Ọkọ̀ kan ń gbé ẹlẹ́bi bọ̀, ọkọ̀ mìíràn ń gbé aláìṣẹ̀ lọ, etíkun kan náà sì ni àwọn méjèèjì ti ń fi ojú ba ilẹ̀ àjèjì.

Nígbà tí Áfíríkà kò ṣeé ṣe, wọ́n yan ilẹ̀ Ọsirélíà tó wà ní òdìkejì ayé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1787, ọkọ̀ mọ́kànlá gbéra ní Portsmouth lábẹ́ àṣẹ Captain Arthur Phillip, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 700 sì wà nínú wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n lò lórí omi kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1788, níbi tí ìlú Sydney wà lónìí. Àwọn ọkọ̀ tó tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1790 burú ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so àwọn ènìyàn mọ́ra nínú òkùnkùn, ebi ń pa wọ́n, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú ẹni mẹ́rin, ẹnì kan kú kí wọ́n tó fojú kan ilẹ̀. Láti ọdún 1788 títí di ọdún 1868 tí ọkọ̀ ìkẹyìn dé, àwọn tí wọ́n kó lọ tó nǹkan bí 162,000.

Àwọn kan nínú wọn rí ọ̀nà là. Ẹni tó bá parí ọdún rẹ̀ lè gba ilẹ̀, kí ó dáko, kí ó sì di ẹni iyì. Ọkùnrin dúdú kan wà tí à ń pè ní Billy Blue, tí wọ́n gbé dé ibẹ̀ ní ọdún 1801 nítorí ṣúgà tí wọ́n ní ó jí. Ó di atukọ̀ tí ń gbé èrò kọjá omi ní Sydney, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe etí omi kan níbẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀ àwọn tó padà fojú kan ilé kò pọ̀. Ìjọba fi ọkọ̀ gbé wọn lọ ní ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ padà ni yóò wá owó ọkọ̀ ara rẹ̀, láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Níhìn-ín ni ìbéèrè arúgbó ilé wa ti bọ́ sí i. Ta ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ẹlẹ́wọ̀n wọn sí? Ilẹ̀ Ọsirélíà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólúwa. Àwọn ènìyàn dúdú tó ni ín ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n ní òfin, wọ́n ní orin, wọ́n sì mọ orúkọ gbogbo òkè àti odò. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ àlejò. Ní ọdún 1789, àrùn ṣọ̀pọ̀ná jà láàárín àwọn tó wà ní agbègbè Sydney, ó sì pa púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni ìyà tí wọ́n dá fún olè àgùntàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá di ìyà lórí ẹni tí kò rí àgùntàn rí.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí a lé kúrò nílé, ìlú wo ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ju Abẹ́òkúta lọ? Àwọn tí ogun lé ni ó tẹ ìlú yìí dó. Lẹ́yìn ogun Òwu, ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá nínú igbó ká, àwọn tó ṣẹ́kù sì tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ wá sí abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò rí abẹ́ Olúmọ dé. Wọ́n kó wọn lẹ́rú dé etíkun, wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí Freetown ní Sàró.

Ní Sàró, wọ́n di òmìnira, wọ́n kọ́ ìwé, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń ṣòwò. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé kí ni wọ́n tún ń wá. Ṣùgbọ́n odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun. Ní ọdún 1839, àwọn kan nínú wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà pé àwọn fẹ́ padà sí ilẹ̀ àwọn. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ kan tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú, wọ́n sì wọ̀ ọ́ wá sí Àgbádárìgì. Irú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ ní ìgbèkùn ni wọ́n fi owó ara wọn rà, tó sì gbé wọn bọ̀ wálé. Láti Àgbádárìgì ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá inú wọn ti ń dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 1846, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òsogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, pàdé ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìyá àti ọmọ kò fi ojú kan ara wọn. Kò sí ìgbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ yìí tí ara mi kì í ṣe gìrì.

Abẹ́òkúta náà sì gba ẹni tí ìlú mìíràn lé. Ní ọdún 1856, Ọba Dòsùnmú àti Consul Benjamin Campbell lé Ẹfúnróyè Tinúbú kúrò ní Èkó, nítorí pé agbára obìnrin oníṣòwò yìí ti pọ̀ jù lójú wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, nítorí náà Abẹ́òkúta ni ó padà sí. Kò jókòó sunkún. Ó tún òwò rẹ̀ ṣe, ó sì pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun wa láti kojú Dàhọ̀mì. Ní ọdún 1864 ni ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta ni ó sì kú sí ní ọdún 1887. Òtítọ́ ni pé ó ṣòwò ẹrú, kò sì yẹ kí a bo ìyẹn mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń yìn ín. Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ kọ́ wa pé ẹni tí Èkó sọ nù ni Abẹ́òkúta fi gbára nígbà ogun.

Àwa náà ti lé àlejò rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí ìjọba Èkó lábẹ́ Glover ń fa ààlà wọ inú ilẹ̀ Ẹ̀gbá, inú bí àwọn ará ìlú, wọ́n da ibínú náà sí orí àwọn òyìnbó tó wà láàárín wọn. Wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀, àwọn òyìnbó sì fi ìlú sílẹ̀. Ìfọ́lé ni a ń pe ọdún náà. Ẹjọ́ ààlà tọ̀nà; ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó fa ààlà ni wọ́n lé. Ìwé Ìròhìn tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1859 dáwọ́ dúró ní ọdún náà, ìlú wa sì pàdánù ìwé tó ń fi èdè Yorùbá bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó wá gbilẹ̀ ní Áfíríkà, àwọn ọba wa ni wọ́n ń lé bí ẹni lé ọ̀daràn. Wọ́n mú Jaja ti Opobo ní ọdún 1887, wọ́n sì gbé e lọ sí West Indies. Ọ̀nà ilé ni ó wà nígbà tó kú ní ọdún 1891. Wọ́n gbé Ọba Ovonramwen ti Ìbíní lọ sí Calabar ní ọdún 1897, ibẹ̀ ni ó kú sí. Àwọn Faransé gbé Behanzin, ọba Dàhọ̀mì, lọ sí Martinique ní ọdún 1894. Ọmọ Glele tó gbé ogun ti Abẹ́òkúta ní ọdún 1864 ni. Síbẹ̀ n kò lè fi ẹni tó kú sí ilẹ̀ àjèjì rẹ́rìn-ín. Prempeh ti Àṣàǹtì padà sílé ní ọdún 1924, lẹ́yìn ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n lé Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1925. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dákẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìlú òyìnbó, ó sì padà sí Èkó ní ọdún 1931.

Ṣùgbọ́n èyí tó kan àwa Ẹ̀gbá jùlọ ni ti Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1920. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin di ẹrù tó wúwo, àwọn obìnrin kò sì ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ owó náà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jẹ́ aṣáájú rẹ̀, rọ́ lọ sí ààfin Aké lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n kọrin, wọ́n jókòó, wọn kò lọ. Ní ọdún 1948 ni Aláké fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949 ó kọ̀wé pé òun fi ipò sílẹ̀, ó sì ń gbé ní Òṣogbo. Ẹ má ṣe rò pé mo ń bá àwọn obìnrin náà wí. Ìyà tí wọ́n jẹ kì í ṣe kékeré, ohun tí wọ́n béèrè sì tọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ohun tí ìlú ṣe lẹ́yìn náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1950, Aláké padà sí Aké. Owó orí náà ti kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin, ọba sì wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ó fi wàjà ní ọdún 1962. Ìlú bínú, ìlú gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìlú sì tún ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí a gba òmìnira tán, ìwà yìí kò tán láàárín wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ gbé Shugaba Darman, aṣáájú kan nínú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Borno, wọ́n sì gbé e jù sí ilẹ̀ Chad, pé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ó gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Ìwé òfin ọdún 1999 tí a ń lò sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Nàìjíríà, a kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà láti wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò sọ pé kí a má jẹ ọ̀daràn níyà. Ìlú tí kò bá bá ọmọ rẹ̀ wí yóò fi ara gbá a. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí mo rí i pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìbáwí àti ìsọnù. Ẹni tí a bá wí mọ iye ọjọ́ tí ìyà rẹ̀ yóò fi parí, ó sì mọ ẹni tí yóò dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí a sọ nù kò mọ ìkankan nínú méjèèjì, ẹrù tó yẹ kí àwa fúnra wa gbé ni a sì ti gbé ka orí aládùúgbò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀, wọ́n ní owó, wọ́n sì rí ilẹ̀ tó jìnnà. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn gúnlẹ̀ ní ọdún 1868, olè kò tán ní ìlú wọn.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bó sì ti wù kí ọmọ ẹni burú tó, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá di olórí ẹbí, tàbí adájọ́, tàbí aṣòfin, tí àwọn ènìyàn sì ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé kí ẹ lé ẹnìkan jáde kí ilé lè rójú, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ẹ ń lé e sí, kí ẹ sì rí i dájú pé ọ̀nà tí yóò gbà padà kò dí.